Ka Gbogbo Wa, Má Ka Ara Rẹ

Mi ò ní búra fún yín, nítorí ẹni tó ń búra kí wọ́n tó bi í ní nǹkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń mú ìfura wá. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé náà wà ní Al Khan, ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá. Ó ṣì dúró síbẹ̀ lónìí, àwọn ènìyàn sì ń sùn nínú rẹ̀. Yàrá náà wà ní àjà kọkànlá. Mùnírátù tó ṣojú rẹ̀ ṣì wà láàyè, kò sínwín, kò sì mutí rí láyé rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó bá yín ka nǹkankan.

Kó tó di ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Mùnírátù fẹ́ràn tó ìṣirò àti àdììtú. Lọ́fínńdà ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Al Rigga, ní Dubai. Bó bá wọ metro, ọkọ̀ ojú irin Dubai, láàárọ̀, tí àwọn tó kù ń sùn lórí ìdúró, ìwé àdììtú rẹ̀ ló máa ń ṣí. Ta ló ń purọ́ nínú àwọn mẹ́ta yìí, ta ló ń sòótọ́? Báwo ni ẹni mẹ́rin ṣe máa sọdá odò nínú ọkọ̀ tó gba ẹni méjì? Ó ní ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp tó pè ní Ọpọlọ Pípé, ibẹ̀ ló ti máa ń fi àwọn tí kò mọ ìdáhùn ṣe yẹ̀yẹ́. Ká sòótọ́, ẹnu rẹ̀ mú. Ẹni tó bá ti pè ní olódo lẹ́ẹ̀mejì kì í dá a lóhùn mọ́.

Ènìyàn márùn-ún ló ń gbé yàrá náà, bẹ́ẹ̀dì márùn-ún ló sì wà níbẹ̀. Àǹtí Kàfáyàt ni àgbà wọn, òun ló gba yàrá lọ́wọ́ onílé. Oníṣòwò ni, Deira ló ti ń ra ọjà tó ń kó ránṣẹ́ sí Èkó. Bùkọ́lá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Dubai Investments Park. Oorun kì í tó o, inú rẹ̀ kì í sì í dùn. Tófúnmi ń kàwé ní yunifásítì aládàáni kan. Ẹ wá fi Mùnírátù kún un, àti àbúrò rẹ̀ Shukurat, tó dé láti Ìwó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ Shukurat níbẹ̀. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n tẹ́lẹ̀, yàrá náà sì ti há. Ìgbà tó dé ni wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì karùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Bùkọ́lá ò sì rí ibi fi àpótí rẹ̀ sí mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí Shukurat bí ẹni ń tutọ́. Mùnírátù rí i, kò gbèjà àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyá wọn ti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un kí ọmọ náà tó wọ bàálù.

“Mùnírá, ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé. Má jẹ́ kó sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá.”

Shukurat mọ oúnjẹ sè, ó mọ irun dì, ó mọ ènìyàn tù nínú. Ìṣirò nìkan ni kò yé e. Bàbá wọn tó ti dolóògbé ní àdììtú kan tó máa ń bi wọ́n ní kékeré. Ìgbín kan já sínú kànga tó jìn ní ogún ẹsẹ̀. Lójú ọ̀sán, á gun ẹsẹ̀ mẹ́ta. Lóru, á yọ̀ padà ní ẹsẹ̀ méjì. Ọjọ́ kelòó ni yóò jáde? Shukurat á ní ogún. Ẹsẹ̀ kan lójúmọ́, ogún ẹsẹ̀, ogún ọjọ́. Wọ́n á ní rárá, ọjọ́ kejìdínlógún ni, nítorí ìgbín tó bá ti gun orí kànga lọ́sàn-án kò tún ní yọ̀ padà lóru. Shukurat á rẹ́rìn-ín, á ní ó ti yé òun. Lọ́dún tó ń bọ̀, ogún náà ni. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ogún ṣì ni. Mùnírátù a máa fi í rẹ́rìn-ín lójú àwọn ènìyàn, ohun tó sì ń dùn ún jù lónìí nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ ló ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ìrun, ní ọ̀sán gangan. Gbogbo wọn wà nílé. Lójijì, ẹ̀rọ amúlétutù kú.

Ariwo ẹ̀rọ náà kì í dákẹ́ tọ̀sán-tòru, wọn ò sì gbọ́ ọ mọ́ kó tó kú. Ìgbà tó dákẹ́ ni wọ́n tó mọ bí yàrá náà ṣe rí gan-an. Wọ́n ń gbọ́ èémí ara wọn. Ooru wọlé wẹ́rẹ́. Níta fèrèsé, omi ọ̀sà funfun, ó ń ta sójú, kò mì. Àǹtí Kàfáyàt pe Alfred, ọmọ Íńdíà tó ń bójú tó ilé náà. Ó ní òun ń bọ̀.

“Mo ti sọ pé a ti pọ̀ jù nínú yàrá yìí,” Bùkọ́lá wí. Ojú Shukurat ló ń wò.

Mùnírátù fẹ́ fi nǹkan mìíràn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká ṣe puzzle kan. Ká ní gbogbo wa bọ ara wa lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré, kálukú pẹ̀lú kálukú. Ẹ̀ẹ̀melòó la máa bọwọ́ lápapọ̀?”

“Abeg, ooru ń mú mi,” Tófúnmi dáhùn.

“Ó rọrùn. Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn tẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́wọ́. Ka gbogbo wa, má ka ara rẹ.”

Àǹtí Kàfáyàt gbé orí sókè. “Mùnírá, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nílé wa, tá a bá fẹ́ mọ iye ènìyàn, bàtà ẹnu ọ̀nà la máa ń kà. Tàbí àwo. Wọn kì í nàka sí orí ènìyàn.”

“Àǹtí, ìṣirò lásán ni, kì í ṣe èpè. Bùkọ́lá, mélòó?”

Bùkọ́lá fi ìka rẹ̀ tọ́ka yí yàrá ká, bí ẹni fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán. “Five.”

“Olódo. O ti ka ara rẹ nìyẹn. Mẹ́rin ni.”

“Ta ni olódo? Mi ò ka ara mi! Five ni mo rí.”

“Tófúnmi?”

Tófúnmi kà. Ó tún un kà. “Márùn-ún ni, sister. Èmi náà ò ka ara mi.”

“Márùn-ún ni èmi náà rí,” Shukurat fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ.

Mùnírátù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń rín kó tó bú ènìyàn. Ó gbé ọwọ́ òsì lé àyà ara rẹ̀ kó má baà ka ara rẹ̀, ó na ìka ọ̀tún. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún.

Ẹ̀rín náà kú.

Ó pe orúkọ wọn. Àǹtí Kàfáyàt, Bùkọ́lá, Tófúnmi, Shukurat. Mẹ́rin. Ó na ìka. Márùn-ún. Ó pe orúkọ, mẹ́rin. Ó na ìka, márùn-ún. Kò sí ojú àjèjì kankan nínú yàrá náà. Ojú kọ̀ọ̀kan tí ìka rẹ̀ dé, ó mọ̀ ọ́n.

Àǹtí Kàfáyàt dìde, ó lọ ka sálúbàtà ẹnu ọ̀nà. Ti ènìyàn márùn-ún péré ni, tirẹ̀ àti ti Mùnírátù náà wà nínú rẹ̀. Ó padà wá jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ayat Kùránì sábẹ́ ètè.

Ìgbà náà ni Alfred kan ilẹ̀kùn. Kò wọlé tán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ó ń kà wọ́n, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Bẹ́ẹ̀dì márùn-ún,” ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì. “Mo rí ènìyàn mẹ́fà. Madam, àdéhùn wa kọ́ nìyí.”

“Àwa márùn-ún ni,” Àǹtí Kàfáyàt wí.

Alfred tún fi bírò kà wọ́n, ọ̀kan dé mẹ́fà. Bó ti ń pe iye náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lè sọ pé ó ṣì í. “Mo ń lọ wo ẹ̀rọ lórí òrùlé. Wákàtí kan. Kí n tó padà, ẹni kẹfà ti sọ̀ kalẹ̀, tàbí kí gbogbo yín kó ẹrù yín lónìí. Khalas, ọ̀rọ̀ tán.”

Ó lọ. Níbo ni wọ́n fẹ́ kó ẹrù lọ nínú ooru bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀?

“Ìwọ lo fi ìṣirò ẹ pe ẹni kẹfà wá,” Bùkọ́lá wí fún Mùnírátù. “Ìwọ tí orí ẹ pé jù. Ó yá, solve ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀rù ń bà á, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń yọ̀. Àdììtú tòótọ́ nìyí, kì í ṣe ti inú ìwé. Ó ya pépà sí mẹ́fà, ó tò wọ́n sórí ilẹ̀ láàárín yàrá. Ó ní kí kálukú mú ọ̀kan, kó kọ orúkọ ara rẹ̀, kó ká a, kó dá a padà. Òun náà mú ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ ẹlòmíràn, àmọ́ pépà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò nílẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ariwo bírò. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sílẹ̀.

Ó tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kàfáyàt. Tófúnmi. Shukurat. Mùnírátù. Bùkọ́lá.

Shukurat.

Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì. Lẹ́tà K tó máa ń wọ́ lẹ́sẹ̀ òsì láti kíláàsì kejì, ó wọ́ lórí méjèèjì.

Wọ́n yíjú. Shukurat kan ṣoṣo ni wọ́n rí, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. “Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́.”

“Láti ìgbà tó ti dé ni!” Bùkọ́lá ti dìde. “Mo sọ ọ́! Láti ìgbà tó ti dé ni yàrá yìí ò ti rí bákan náà.”

“Kó jáde,” Tófúnmi wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. “Ẹ jọ̀ọ́, kó ṣáà jáde.”

Bùkọ́lá di apá kan mú, Tófúnmi di èkejì. Àǹtí Kàfáyàt ò fọwọ́ kàn án, kò sì sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Shukurat ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ń wò ó, bí ìgbà tó bá sọ pé ogún tí gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, tó ń retí kí Mùnírátù gbè é.

Mùnírátù ò gbè é. Nínú orí rẹ̀, ìṣirò ti pé: orúkọ tó bá jáde lẹ́ẹ̀mejì ni orúkọ tó lé. Ìdáhùn ti jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde, tó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Wọ́n tì í sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwọ bàtà. Bùkọ́lá fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ẹnìkan wí lẹ́yìn wọn. “Ta lẹ lé jáde?”

Shukurat jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ń ká híjáàbù rẹ̀ sórí itan. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n.

Tófúnmi ké. Àǹtí Kàfáyàt gbàgbé ohun tó ń kà lẹ́nu. Bùkọ́lá, tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, fi ẹ̀yìn lé ògiri, ó na ìka, ó ka gbogbo àwọn tó kù. Mẹ́rin.

“Ó ti tán,” ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Ó ti pé bó ṣe yẹ kó pé. Ẹ má ṣílẹ̀kùn yẹn.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn níta. Kò le. Kíkàn ẹni tí kò fẹ́ yọ àwọn ará ilé lẹ́nu ni. Fóònù Mùnírátù dún. Orúkọ Shukurat ló wà lójú rẹ̀. Fóònù Shukurat sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́hùn-ún, ó dojú bolẹ̀, kò tan iná.

Ó gbé e.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣílẹ̀kùn. Gíláàsì ni ògiri ibí yìí, gbogbo oòrùn ló wà níbí. Ilẹ̀ ń jó mi lẹ́sẹ̀.”

Ohùn náà ni. Mùnírátù wo èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú náà ni. Ó wá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé rẹ̀. Ó béèrè.

“Ìgbín já sí kànga tó jìn ní ogún ẹsẹ̀,” ó wí. “Ọjọ́ kelòó ni yóò jáde?”

“Ọjọ́ kejìdínlógún,” èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Tó bá ti dókè, kò ní yọ̀ mọ́.”

Nínú fóònù, ẹkún ni. “Ìṣirò náà lẹ ń bi mí nísinsìnyí? Ogún ni. Ogún ni mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ̀ pé èmi ò mọ̀ ọ́n.”

Mùnírátù fò mọ́ ilẹ̀kùn. Bùkọ́lá fi ara dí i. Wọ́n jà, ìjà burúkú, èékánná àti eyín. Àǹtí Kàfáyàt ń fa Mùnírátù láṣọ lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rántí wọn. Ilẹ̀kùn gbá Mùnírátù lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ní gbogbo àkókò náà, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò dìde. Ó ń wò wọ́n. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ fi yí, kíkàn ti dákẹ́.

Kò sẹ́nì kankan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn nìkan ló wà níbẹ̀, ó tẹ́ kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ẹnu lífìtì. Lórí táìsì, nínú erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ máa ń gbé wọlé, ipa ẹsẹ̀ méjì wà tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tó kọjú síbòmíràn.

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, àjà kọkànlá. Ó wo ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó sáré dé etí ọ̀sà, ó ń pe orúkọ náà títí ọ̀fun rẹ̀ fi dí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní kò sẹ́ni tó jáde. Ìgbà tó padà, Alfred ti wà nínú yàrá, ẹ̀rọ ti ń dún. Ó fi bírò kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Márùn-ún. Shukran, ẹ ṣé. Ẹ rí i pé kò le?”

Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì dìde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu Mùnírátù. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì rọra ń ṣe é. Mùnírátù ò lè wò ó lójú. Ó bi í pé níbo ló ti mọ ìdáhùn ìgbín.

“Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, nínú bọ́ọ̀sì, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ti gbàgbé? Inú yín dùn débi pé ẹ ra ṣawáámà fún mi.”

Mùnírátù ò rántí. Ó ṣí ìwé àdììtú rẹ̀. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ẹnìkan ti ya kànga, ó ti ya ìgbín, ó ti ṣírò rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kejìdínlógún. Lẹ́tà K wà nínú orúkọ tó kọ sísàlẹ̀. Ó wọ́ lẹ́sẹ̀ òsì.

Bùkọ́lá kó jáde lọ́jọ́ kejì. Tófúnmi tẹ̀ lé e. Àǹtí Kàfáyàt dúró, nítorí ọjà rẹ̀ kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ kì í yọ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ mọ́, kì í sì í kẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mùnírátù náà ò lọ. Bó bá lọ, ta ló máa wà níbẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn? Bó bá sì jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ gan-an ló wà nínú yàrá ńkọ́, tó kọ́ ìṣirò nínú bọ́ọ̀sì, tí òun wá ń bá a gbé bí ẹni ń bá ejò gbé? Ọ̀nà méjèèjì ni ìyà wà. Ó pa ẹgbẹ́ Ọpọlọ Pípé rẹ́. Shukurat ló ń ṣe àdììtú inú ìwé náà báyìí, pẹ̀lú bírò, kì í pa nǹkankan rẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, ìyá wọn pè.

“Mùnírá, ẹ jà ni?”

“Rárá o, màámi. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Shukurat ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ ni. Ẹkún ló ń sun. Ó ní oòrùn ń pa òun, ó ní o ò ṣílẹ̀kùn fún òun.”

Mùnírátù wo kíṣìnì. Shukurat dúró nídìí sítóòfù, ó ń dín dòdò, fóònù rẹ̀ sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ó ní kí n bá òun sọ fún ọ pé ogún ni,” ìyá wọn wí. “Ogún kí ni, Mùnírá? Mo fi í lé ọ lọ́wọ́. Ogún kí ni?”

Nídìí sítóòfù, Shukurat pa iná. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ aṣọ, ó bọ́ sínú yàrá, ó sì na ọwọ́.

“Màámi nìyẹn, àbí?” ó wí. “Ẹ gbé e wá, kí n kí wọn.”